Kíndìnrín tí kì í ṣe kíndìnrín: bí wọ́n ṣe ń sọ tíọ́rì ìṣègùn ilẹ̀ Ṣáínà di tuntun

Bí oníṣègùn ìbílẹ̀ ilẹ̀ Ṣáínà kan bá fọwọ́ lé iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ, tó ní kí o yọ ahọ́n, tó wá sọ pé yang kíndìnrín rẹ ti lọ sílẹ̀, má tíì sunkún. Ó ṣeé ṣe kí kíndìnrín tó ń sẹ́ ìtọ̀ nínú rẹ le koko. Ohun tí òun ń pè ní kíndìnrín fẹ̀ ju ẹran inú yẹn lọ: ìdàgbà ọmọdé wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ bíbí, egungun, irun orí àti etí tí a fi ń gbọ́ràn. Ẹni tí òtútù ń mú ṣáá, tí ìbàdí ń ro, tó ń dìde tọ̀ lóru ní gbogbo ìgbà, tí ó sì ń rẹ̀ láìṣiṣẹ́, òun ni wọ́n ń sọ pé yang kíndìnrín rẹ̀ kò tó. Wọ́n kó àwọn àmì náà jọ, wọ́n sì fún àpapọ̀ wọn lórúkọ. Irú àpapọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní zheng.

Orí zheng ni gbogbo iṣẹ́ wọn dúró lé. Ẹni méjì tí dókítà òyìnbó sọ pé ikọ́ fée ń ṣe lè gba àgbo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí zheng wọn kò dọ́gba. Ẹni tí ikọ́ fée ń ṣe àti ẹni tí làkúrègbé ń yọ lẹ́nu sì lè gba àgbo kan náà. Lẹ́yìn zheng ni tíọ́rì ńlá wà: yin àti yang, tí í ṣe títutù àti gbígbóná, ìsinmi àti ìgbòkègbodò, tí èkíní kò gbọdọ̀ borí èkejì, qi, agbára tí wọ́n ní ó ń rìn káàkiri ara, àti ohun márùn-ún, igi, iná, ilẹ̀, irin, omi, tí wọ́n fi ń pín àwọn ẹ̀yà inú, àwọn ìgbà inú ọdún, adùn ẹnu, títí dé ìbínú àti ẹ̀rù. Huangdi Neijing, ìwé tó ti lé ní 2,000 ọdún, ni ìyá ìwé wọn.

Ọ̀rọ̀ náà di ogun ní ọdún 1929. Yu Yunxiu, ọmọ Ṣáínà tó kọ́ ìṣègùn òyìnbó ní Jàpáánù, gbé àbá lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìlera ìjọba pé kí wọ́n fòfin mú ìṣègùn ìbílẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún náà, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ péjọ sí Shanghai, wọ́n sì fi ẹ̀hónú hàn débi tí ìjọba fi pa àbá náà tì. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí Yu fi kan tíọ́rì wọn kò tì. Ó ti kọ ọ́ láti 1917 pé ohun tí Neijing sọ nípa inú ara kò bá ohun tí à ń rí mu nígbà tí a bá la òkú.

Yun Tieqiao, oníṣègùn ìbílẹ̀ kan, ti fèsì fún un ní 1922, kò sì sí ẹni tó fèsì gidi tó o. Ó ní ẹ̀yà márùn-ún inú Neijing kì í ṣe ẹran inú rárá, ti ìgbà mẹ́rin ọdún ni wọ́n. Bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ibi tí nǹkan wà. Lójú tèmi, èsì yìí ló gba ìṣègùn náà lọ́wọ́ ọ̀bẹ. Gbèsè tó fi sílẹ̀ kò sì kéré. Ohun tí a kò lè rí nínú òkú, òkú kò lè já a nírọ́. Bí tíọ́rì náà bá ṣìnà, kí la óò fi mọ̀?

Ìjọba Mao, tó gorí àléfà ní Ṣáínà lẹ́yìn náà, kò dúró dáhùn ìbéèrè yẹn. Dókítà kò tó, àwọn aláìsàn kò sì lóǹkà. Ní 1956 wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn ìbílẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀, ní Beijing, Shanghai, Guangzhou àti Chengdu. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ń fẹ́ ìwé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ baba ló ń kọ́ ọmọ tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé kan sì máa ń ta ko ti ilé kejì. Wọ́n bá ṣà á, wọ́n gé e, wọ́n tò ó, wọ́n fi zheng ṣe òpó àárín. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ fún wa lónìí pé bẹ́ẹ̀ ló ti wà láti ìwáṣẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n tò ó bó ṣe wà.

Shen Ziyin ni ẹni tó bi tíọ́rì náà ní ìbéèrè tó ṣeé dáhùn. Ìṣègùn òyìnbó ni ó kọ́kọ́ kọ́ ní Shanghai, kí ó tó kọ́ ti ìbílẹ̀. Ó kíyè sí i pé àwọn aláìsàn tí àrùn wọn kò jọra rárá lè wà lábẹ́ zheng kan náà, ìyẹn ti yang kíndìnrín tí kò tó, kí àgbo kan náà sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí zheng bá jẹ́ ohun gidi, ṣé kò yẹ kí nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ wọn tó pa wọ́n pọ̀? Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìtọ̀ wákàtí 24 jọ, wọ́n sì wọn 17-hydroxycorticosteroid tó wà níbẹ̀, èròjà tó ń jáde nígbà tí ara bá ti lo họ́mónù cortisol tán. Lára àwọn tí wọ́n ní yang kíndìnrín wọn kò tó, ó lọ sílẹ̀.

Kókó tó ń ṣe họ́mónù náà jókòó sórí kíndìnrín bíi fìlà, àwọn kan sì pariwo pé ẹ ò rí i, àwọn àgbà ti mọ̀. Wọ́n yára jù. Nígbà tí Shen tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà síwájú, inú ọpọlọ ló bá a dé, níbi tí wọ́n ń pè ní hypothalamus, tó ń pàṣẹ fún họ́mónù. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ yìí ni pé ó lè kùnà: ìtọ̀ náà lè má fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Àwọn tó ń sọ pé qi ni iná mànàmáná, tàbí tí wọ́n ń fi físíìsì ìgbàlódé ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, kò fi ara wọn sínú irú ewu bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó wọn zheng, ṣé oníṣègùn méjì máa ń rí ọ̀kan náà? Ní Maryland, Amẹ́ríkà, oníṣègùn mẹ́ta yẹ aláìsàn làkúrègbé 40 wò, olúkúlùkù lọ́tọ̀. Nínú àbájáde tó jáde ní 2005, bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni ọ̀rọ̀ wọn fi bára mu. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Ṣáínà fi ń ṣe ẹ̀rọ tó ń ya ahọ́n àti èyí tó ń ka lílù iṣan, kí ojú má baà máa tan ojú.

Abẹ́rẹ́ tí àwọn oníṣègùn yìí ń gún sí ojú ibi pàtó tí wọ́n yà sórí àwòrán ara, òun náà ti dé ilé ẹjọ́ ìwádìí. Ní Jámánì, wọ́n pín aláìsàn 1,162 tí ẹ̀yìn ń dùn sí mẹ́ta, wọ́n sì tẹ àbájáde jáde ní 2007. Àwọn tí wọ́n gún sí ojú ibi tí tíọ́rì là kalẹ̀, ara ìdá 47.6 nínú ọgọ́rùn-ún wọn yá. Àwọn tí wọ́n gún gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ sí ibi tí kò sí lórí àwòrán, 44.2. Ìtọ́jú òyìnbó tí wọ́n ń lò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 27.4. Abẹ́rẹ́ náà jàre, ṣùgbọ́n mi ò rí bí àwòrán ojú ibi tí wọ́n ń gún ṣe lè jàre.

Ọ̀nà kan tún wà tó yára: mú egbòogi, fi tíọ́rì sílẹ̀. Òun ni Tu Youyou, olùwádìí egbòogi ọmọ Ṣáínà, tọ̀. Lórí iṣẹ́ ìwádìí ibà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ó ka ìwé Ge Hong ti ọ̀rúndún kẹrin, níbi tí wọ́n ti ní kí a rẹ ẹ̀kúnwọ́ ewé qinghao sínú omi, kí a fún un, kí a mu ún. Kò sí pé a sè é. Tu fura pé ooru ló ń ba iṣẹ́ òògùn náà jẹ́, ó sì fi ether yọ oje ewé náà láìgbé e ka iná líle. Ní oṣù Kẹwàá 1971, oje tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 191 pa gbogbo kòkòrò ibà tó wà lára eku. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Coartem àti Lonart tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì wa, ibẹ̀ ni artemether inú wọn ti wá. Lumefantrine tó wà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn ará Ṣáínà náà ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó ní ká yọ ahọ́n kó tó tà á fún wa.

Ìgbàlódé tí kò ní ìṣọ́ra sì ń pani lára. Láàárín ọdún 1990 sí 1992, ilé ìtọ́jú kan ní Brussels fún àwọn obìnrin ní egbòogi Ṣáínà kí wọ́n lè fọn. Egbòogi kan tí wọ́n ń pè ní fangji ló yẹ kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òmíràn tí orúkọ rẹ̀ jọ ọ́ ni wọ́n fi dípò rẹ̀, èyí sì ní májèlé aristolochic acid nínú. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́. Irú májèlé tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ fún oṣù àti ọdún báyìí, lílù iṣan àti àwọ̀ ahọ́n kò lè tètè tú u fó. Ẹni tó ń ka iye àwọn tó ṣàìsàn ló lè rí i.

Kíkà yẹn ti bẹ̀rẹ̀ fún zheng náà. Nínú ICD-11, ìwé tí àjọ ìlera àgbáyé WHO fi ń to orúkọ àìsàn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2022, orí 26 jẹ́ ti ìṣègùn ìbílẹ̀, èyí tó ṣẹ̀ wá láti Ṣáínà sì wà níbẹ̀. Yang kíndìnrín tí kò tó ti ní kóòdù tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan bínú pé WHO ti fi òǹtẹ̀ lu ohun tí kò dájú. Àjọ náà ní òun kò sọ pé ó ń ṣiṣẹ́; kóòdù náà wà kí a lè kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àrùn tí dókítà òyìnbó pè é, kí a sì kà á.