Kí Ni Ìlù Náà Ń Sọ? Dùùrù Kékeré, Kọ̀ǹpútà àti Bàbá Onílù

“Kí ni ó ń sọ?”

Ìbéèrè tí Bàbá onílù bi wá nìyí ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé ìlù tí a fi dùùrù lù fún un gbọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ṣe é, wọ́n sì ti múra sílẹ̀ de ìyìn. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó dákẹ́, ó ní kí a tún un lù, lẹ́yìn náà ni ó béèrè. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó rí ìdáhùn. Ìlù náà dún dáadáa, ó sì ń lọ déédéé, ṣùgbọ́n kò wí nǹkan kan. Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní níbì kan láàrin rẹ̀, ó jọ pé ó bú òun.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀. Ní àdúgbò wa ní ìhà Kétu, dùndún ni àwọn ọ̀dọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa fi ń jó ní òpin ọdún. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí ń lù ú ti lọ wá iṣẹ́, ọ̀kan ní Kútọnù, èkejì ní Èkó. Bàbá tí ó kọ́ wọn kò sì lè di ìyáàlù mú pẹ́ mọ́, nítorí èjìká ń dùn ún. Ìdí nìyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ní kí a gba ìlù náà sínú kọ̀ǹpútà, kí àwọn lè máa fi dánra wò. A gbà. Kí a má purọ́, àwa olùkọ́ tí a kàwé ní èdè Faransé mọ do, ré, mi. Èdè ìlù kò sí nínú ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ fi kọ́ wa. Ìtìjú yẹn wà nínú ọ̀ràn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Dùùrù tí a lò jẹ́ irú èyí tí àwọn Faransé ń pè ní clavier maître, tí ó ní bọ́tìnnì 25. Ohun tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé dùùrù yìí kò ní ohùn kankan nínú. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, nọ́ńbà ni ó ń fi ránṣẹ́: bọ́tìnnì wo ni a tẹ̀, báwo ni a ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó, ìgbà wo ni a fi í sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni yóò pinnu ohùn tí nọ́ńbà náà yóò dá. Ìlànà tí nọ́ńbà wọ̀nyí ń tẹ̀ lé ni a ń pè ní MIDI. Ọdún 1983 ni ó jáde. Dave Smith ará Amẹ́ríkà àti Ikutaro Kakehashi ará Japan wà lára àwọn tí ó ṣe aṣáájú rẹ̀. Ohùn 128 ni ó ní àyè fún, láti 0 dé 127. Agbára ìlù láti 1 dé 127. Ọ̀nà 16 ni ọ̀rọ̀ sì lè gbà lórí wáyà kan ṣoṣo.

Ní 1991, wọ́n fi àdéhùn mìíràn kún un, tí wọ́n pè ní General MIDI, kí ohùn lè bá ara wọn mu láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Ọ̀nà 10 ni wọ́n fi fún ìlù. Nọ́ńbà 36 jẹ́ ìlù ńlá tí a ń fi ẹsẹ̀ lù, 38 jẹ́ caisse claire. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ka àtẹ náà dé 67 àti 68, ariwo ta nínú kíláàsì: agogo ni wọ́n kọ síbẹ̀! Agogo olóhùn òkè àti agogo olóhùn ìsàlẹ̀. Àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú ni wọ́n gbé orúkọ náà dé Bràsílì, níbi tí agogo ti wọ inú orin samba. Láti inú orin Bràsílì ni ó sì gbà wọ inú àtẹ àwọn aṣẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà wa ń sọ wà nínú ẹ̀rọ tí a ṣe ní Japan. A kò rí ohun kan kọ́ wọn mọ́ ní wákàtí yẹn.

Nípa síso ẹ̀rọ pọ̀, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Reaper ni a lò, nítorí pé ó fúyẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, wọ́n sì fún ènìyàn ní 60 ọjọ́ láti dán an wò kí ó tó sanwó. Ẹ fi wáyà USB so dùùrù mọ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ tó ṣí ètò náà. Ẹ wọ inú Préférences, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ MIDI sí, kí ẹ gba dùùrù náà láàyè. Ẹ ṣí ojú ọ̀nà tuntun kan, ẹ yan dùùrù yín gẹ́gẹ́ bí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọlé, ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa, ẹ sì fi ohun èlò ìlù kan sórí rẹ̀, nítorí láìsí i, nọ́ńbà lásán ni yóò máa wọlé.

Ohun méjì fìyà jẹ wá. Èkíní ni ìdádúró. A tẹ bọ́tìnnì, ohùn dé lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí a jí lójú oorun. Ohùn 44,100 ègé ni kọ̀ǹpútà ń kà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá ń kó 1,024 jọ kí ó tó dá ohùn, ìdádúró ti dé ìdá 23 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, ọwọ́ onílù yóò sì mọ̀ ọ́n. A dín in kù sí 128, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdá 3. Ẹ má ṣe lo ohun ìgbọ́rọ̀ Bluetooth fún iṣẹ́ yìí rárá, torí yóò dá ìdádúró mìíràn lé e. Èkejì jẹ́ ẹ̀fẹ̀: odindi ọ̀sán kan ni a fi wá ìdí tí ìlù fi dákẹ́, a tú wáyà, a tún kọ̀ǹpútà tàn, láìmọ̀ pé ọmọ kan ti tẹ bọ́tìnnì octave, gbogbo nọ́ńbà sì ti kúrò níbi tí a so ohùn mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ le sí nìyí. Ètò náà ní irinṣẹ́ kan tí ń fa ìlù tí ó bá yẹ̀ padà sórí ìlà. Ìlà tí wọ́n sábà máa ń fi sí i pín ẹsẹ̀ ìlù kan sí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìlù Yorùbá àti ti àwọn ará Ewé, ìgbésẹ̀ méjìlá ni agogo ń rìn, ó sì ń dún ní ẹ̀ẹ̀meje: ní ìkíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkẹjọ, ìkẹwàá àti ìkejìlá. Bí ẹ bá fi ìlà onímẹ́rin tọ́ ọ, ẹ ti pa á. Ìlà onímẹ́ta, triolet, ni kí ẹ yàn fún agogo. Ti ìyáàlù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti tọ́ gbogbo rẹ̀ sọ́nà kí Bàbá tó gbọ́ ọ, ara ohun tí ó sì sọ ọ́ di odi nìyẹn.

Ara rẹ̀ nìkan ni o. Àìsàn rẹ̀ gan-an ni pé ohùn kan ṣoṣo ni bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní, ṣùgbọ́n ìyáàlù ń yọ́ láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn bí onílù ti ń tẹ ọṣán. Kẹ̀kẹ́ kékeré tí ó wà lápá òsì dùùrù ni ó gbà wá. Ó ń rìn láti 0 dé 16,383. Bí a bá sì fi í sílẹ̀, yóò padà sí àárín, sí 8,192. Bàbá wò ó, ó ní: “Ẹ wò ó, Olùkọ́, apá mi nìyẹn.” Àárín di ohùn àárín, òkè di ohùn òkè, ìsàlẹ̀ di ohùn ìsàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ohun èlò, kẹ̀kẹ́ náà kì í gbé ohùn kọjá ìdajì ohùn méjì. A fi kún un títí Bàbá fi ní ó tó. Ojú ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni a fi ìyáàlù sí, kí kẹ̀kẹ́ má baà máa fa omele lọ bákan náà.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ní kí a sọ ni “Ẹ káàbọ̀”: àárín, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí ó wà ní kíláàsì quatrième ni ó kọ́kọ́ rí i ṣe. Bàbá dá a lóhùn lẹ́nu pé, “O ṣeun, ọmọ mi,” gbogbo ilé sì pa lẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn èyí ni ó gbà kí a gba ohùn ìlù tirẹ̀ sílẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Ohùn mẹ́ta, a lu ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́, níwọ̀ntúnwọ̀nsì àti kíkankíkan, ẹ̀ẹ̀mejì méjì: fáìlì 18. A so wọ́n mọ́ bọ́tìnnì, kí títẹ̀ jẹ́jẹ́ lè mú ìlù jẹ́jẹ́ jáde. Ibẹ̀ ni Bàbá ti fún wa ní òfin. Bí òun bá kú, ó ní, ọwọ́ òun yóò ṣì wà nínú ẹ̀rọ yẹn, ẹnikẹ́ni yóò sì lè fi sọ ohun tí òun kò sọ rí. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn láìbi òun tàbí ọmọ òun. A kò gbọdọ̀ fi ki ẹnikẹ́ni ní oríkì tí òun kò kọ́ wa. A kò sì gbọdọ̀ gbé e lọ sí òde Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn pé ohùn lásán ni. Àwa náà ti fẹ́ gbà fún un, kí a tó rántí pé ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wá, ohùn lásán yẹn bú àgbàlagbà. A kọ òfin náà sínú ìwé, a fi í sínú àpò fáìlì kan náà.

Nísinsìnyí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, méjì pẹ̀lú dùùrù, méjì pẹ̀lú kọ̀ǹgọ́ àti awọ gidi. Iṣẹ́ kò sì tíì tán. Nígbà tí Bàbá gbọ́ fáìlì 18 náà lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ohùn ìsàlẹ̀ rọ̀ jù; òjò ni a fi gbà á, awọ ti mu omi. Ó ní kí a padà wá nígbà ọyẹ́.