Kí okùn má baà dábùú okùn: báwo ni àpótí yóò ṣe tóbi tó?

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ ya ilé mẹ́ta sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ sì ya kànga mẹ́ta sí iwájú wọn. Ẹ wá la ọ̀nà láti ilé kọ̀ọ̀kan dé ìdí kànga kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kankan má dábùú èkejì. Ọ̀nà mẹ́jọ yóò ṣeé là. Ẹ̀kẹsàn-án ni yóò kọ̀ jálẹ̀. Èmi gan-an ti ba ìwé jẹ́ lórí rẹ̀ kí n tó gbà pé kò ṣeé ṣe lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ.

Àmọ́ bí ẹ bá lè gbé ọ̀nà kan gba òkè bí afárá, ìṣòro tán. Bí wọ́n ṣe ń to wáyà tín-ín-rín inú kọ̀ǹpútà nìyẹn, ìpele lórí ìpele, kí wọ́n má baà fara kan ara wọn. Ohun tó kù ni àyè, owó ńlá sì ni àyè níbẹ̀.

Gíráàfù ni àwọn onímọ̀ ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀: àmì, àti okùn tó so wọ́n pọ̀. Ní ọdún 1994, Robert Cohen, Peter Eades, Tao Lin àti Frank Ruskey fi hàn pé gíráàfù yòówù ṣeé tò sínú àpótí, kí gbogbo okùn rẹ̀ nà tọ́ọ́rọ́ láìdábùú ara wọn. Ọgbọ́n wọn kò le. Bí okùn méjì bá dábùú ara wọn, orí pákó pẹrẹsẹ kan náà ni ìdí wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò wà. Nítorí náà, wọ́n to àmì lọ́nà tí mẹ́rin kò fi ní bọ́ sórí pákó kan náà láé. Fún 100 àmì, àpótí tó gùn ní 100, tó fẹ̀ ní 200, tó sì ga ní 200 ti tó. Ṣùgbọ́n bí àmì bá di ìlọ́po méjì, àpótí di ìlọ́po mẹ́jọ!

Ṣé dandan ni kí gíráàfù tó rọrùn, èyí tó ṣeé yà sórí ilẹ̀ láìsí ìdábùú, gba àyè tó bẹ́ẹ̀? Stefan Felsner, Giuseppe Liotta àti Stephen Wismath béèrè ní 2001 bóyá àpótí tiwọn lè máa pọ̀ bí àmì ṣe ń pọ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdáhùn wà lọ́wọ́ ìbéèrè mìíràn tó ti wà nílẹ̀ láti 1992. Ẹ to gbogbo àmì sórí ìlà kan. Kí okùn kọ̀ọ̀kan wá ṣe bí ẹni tó tò sídìí ẹ̀rọ omi: ẹni tó kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ lọ. Okùn tó bá fẹ́ ré èyí tó ṣáájú rẹ̀ kọjá, ẹ ní láti to ìlà tuntun fún un. Ṣé iye ìlà kan wà tí yóò tó gbogbo gíráàfù tó rọrùn, bó ti wù kó tóbi tó? Bí ó bá wà, àpótí kékeré náà wà nìyẹn.

Ọdún 27 ni ìbéèrè yìí fi wà nílẹ̀. Ní 2019, Vida Dujmović ní Ottawa, lórílẹ̀-èdè Kánádà, àti àwọn márùn-ún mìíràn, fi hàn pé ó wà: ìlà 49 tó. Ní 2021, àwọn mìíràn dín in kù sí 42. A sì ti mọ̀ pé àwọn gíráàfù kan wà tí ìlà mẹ́ta kò ní tó fún.