Láti Ìdì Ẹyìn dé Ọṣẹ

Ilẹ̀ Ìta-Jẹ̀bú pupa, ọ̀pẹ sì pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pẹ wà nínú oko. Ọ̀pẹ wà lẹ́yìn ilé. Ọ̀pẹ wà lẹ́bàá ọ̀nà Ṣakẹ́tẹ́ àti ọ̀nà Pọ́bẹ̀. Lára ọ̀pẹ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń rí owó ìwé, owó aṣọ àti owó oògùn àwọn ọmọ wọn.

Bẹ̀nẹ̀ kì í ṣe orílẹ̀-èdè ńlá, kò sì lówó púpọ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ń ṣe jẹun. Ní gúúsù, wọ́n ń gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ọ̀pẹ̀yìnbó àti ọ̀pẹ. Ní àríwá, ní Kandi àti Banikoara, wọ́n ń gbin òwú. Bí oko bá ṣe dáadáa, ọjà a kún. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, owó a wọ́n nílé, a sì wọ́n nílùú.

Báwo ni ẹyìn ṣe ń di epo?

Ọkùnrin a fi igbà gun ọ̀pẹ. A fi àdá gé ìdì ẹyìn, ìdì a sì já lulẹ̀ gbì! Àwọn ọmọ a ṣa ẹyìn tó fọ́n ká.

Ẹyìn kì í dúró pẹ́. Bí ó bá pẹ́ nílẹ̀, epo rẹ̀ a kan. Nítorí náà, àwọn obìnrin a tètè gbé e lọ sí ebu.

Ní ebu, wọ́n a yọ ẹyìn kúrò lára ìdì. Wọ́n a sè é títí yóò fi rọ̀. Wọ́n a gún un, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ fún un. Wọ́n a da omi sí i, epo a sì léfòó. Wọ́n a bu epo náà sínú ìkòkò, wọ́n a tún sè é kí omi lè gbẹ kúrò lára rẹ̀.

Wọn kì í da ohun tó kù nù. Wọ́n a fi ìhá dá iná. Wọ́n a pa èkùrọ́, wọ́n a sì fi ṣe àdín. Wọ́n a fi àdín ṣe ọṣẹ.

Ta ni owó rẹ̀ pọ̀ jù?

Àgbẹ̀ kan ta ìdì ẹyìn lóko. Owó díẹ̀ ni ó gbà. Ìyá kan ra ìdì náà, ó sọ ọ́ di epo. Owó tí ó gbà lọ́jà ju ti àgbẹ̀ lọ. Ìyá kejì ra àdín, ó fi ṣe ọṣẹ. Owó tirẹ̀ náà tún pọ̀ sí i.

Ìyá elépo ra igi ìdáná. Ó san owó ẹ̀rọ. Ó san owó àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, èrè ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, àwọn mìíràn sì rí owó lára iṣẹ́ rẹ̀. Láti ara ìdì ẹyìn kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó bù kún owó rẹ̀.

Bí ó ti rí fún ilé ni ó rí fún ìlú

Kí ó tó di ọdún 1960, ilẹ̀ Faransé ni ó ń ṣe ìjọba lórí Bẹ̀nẹ̀. Dahomey ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ọkọ̀ ojú irin ń kó epo àti èkùrọ́ láti Pọ́bẹ̀, ó ń gba Ṣakẹ́tẹ́ lọ sí Àjàṣẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ń kó wọn lọ sí Yúróòpù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi wọ́n ṣe ọṣẹ. Owó iṣẹ́ ọṣẹ kò padà wá sí Pọ́bẹ̀.

Lónìí, òwú ni Bẹ̀nẹ̀ ń tà jù sí òkè òkun. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ sí Bangladesh, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣe aṣọ. Àgbẹ̀ Banikoara kọ́ ni ó ń dá iye òwú lé ní ọjà ayé. Bí iye òwú bá wálẹ̀ níbẹ̀, owó tó ń wọ Bẹ̀nẹ̀ a dín kù.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yí padà. Ní Glo-Djigbé, tí kò jìnnà sí Kútọnu, wọ́n ti ń sọ òwú di aṣọ. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba kò fẹ́ kí wọ́n máa kó kaṣú tí wọn kò tíì pa jáde mọ́. Ní Pọ́bẹ̀, ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti ọdún 1922. Ọ̀pẹ tí wọ́n ń mú jáde níbẹ̀ ń tètè so.

Nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè

Nàìjíríà kò jìnnà sí Ṣakẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹrù àgbẹ̀ ń lọ síbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ó nira fún àgbẹ̀ àti oníṣòwò.

Tòmátì kò lè dúró de ẹnubodè, ńṣe ni ó ń rà. Ṣùgbọ́n epo inú kẹ́ẹ̀gì lè dúró. Gààrí inú àpò lè dúró. Ọṣẹ lè dúró. Ohun tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ sí lára máa ń ní sùúrù de ọjà.

Àwọn àgbà ní: díẹ̀díẹ̀ ni ẹyìn fi ń di epo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlú ṣe ń ní owó.

Ọ̀rọ̀ tuntun

Ebu: ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo.
Igbà: okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ.
Ìhá: ohun tó ṣẹ́kù lára ẹyìn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún epo rẹ̀.
Àdín: epo tó ń jáde lára èkùrọ́.

Dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Kí ló dé tí wọ́n fi ń tètè gbé ẹyìn lọ sí ebu?
2. Kí ni wọ́n ń fi ìhá ṣe?
3. Kí ló dé tí owó ìyá ọlọ́ṣẹ fi ju ti àgbẹ̀ tó ta ìdì ẹyìn lọ?
4. Nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè, èwo ni ó lè dúró: tòmátì ni, tàbí epo?
5. Béèrè lọ́wọ́ òbí rẹ: kí ni wọ́n ń tà, kí ni wọ́n sì lè fi ṣe kí wọ́n tó tà á?