Akèrègbè: Ọ̀ṣọ́ Ọgbà, Ilé Ẹyẹ

Ẹyẹ purple martin, tó jẹ́ ẹbí alápàńdẹ̀dẹ̀, máa ń wà ní Prince George's County, Maryland, nígbà ooru. Ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé inú ilé tí ènìyàn bá ṣe fún un nìkan ló ń yé sí.

Ẹ kó inú akèrègbè gbígbẹ dànù, ẹ dá ihò bí ínǹṣì 2 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀ kí omi lè jò jáde. Ẹ kùn ún lọ́dà funfun, kí ooru má baà pa ọmọ ẹyẹ. Ẹ gbé e kọ́ sórí òpó gíga ní gbangba kí oṣù kẹrin tó dé. Ẹ má fín oògùn: kòkòrò tó ń fò ni oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ kọ́ ọmọ yín pé èyí tó lọ́rùn ni akèrègbè. Èyí tí a là sí méjì ni igbá.