Bí Àtọ̀gbẹ Ti Ń Ba Iṣan Ojú Jẹ́ Díẹ̀díẹ̀

Gbogbo wa ni a mọ àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, èyí tí iye rẹ̀ lé ní 600. Àgbàlagbà tí ó ń ti ìlú àtijọ́ sọ̀kalẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣi ẹsẹ̀ gbé. Bí ó bá dé àárín ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì rí i pé etí àtẹ̀gùn kò hàn gbangba sí òun mọ́, ohun tí ó sábà máa ń wí ni pé, "Ojú àgbà ni." A kò ní bá a jiyàn, nítorí ojú àgbà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá jẹ́ alátọ̀gbẹ, ọ̀rọ̀ náà lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ pé láti bí ọdún 10 sẹ́yìn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n.

Ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú ni awọ tínrín kan wà, èyí tí a fi iṣan ìmọ̀lára hun. Apá kan ọpọlọ ni awọ náà ń ṣe. Orí rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí. Àwọn iṣan náà a sì gba ohun tí a rí, wọn a para pọ̀ di okùn kan tí fọ́nrán rẹ̀ tó mílíọ̀nù kan, wọn a sì gbé ìròyìn náà lọ sí ọpọlọ. Bí a bá fi ìwọ̀n wé ìwọ̀n, ekukáká ni a ó fi rí ẹ̀yà ara mìíràn tí ó nílò afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó o. Ìdí nìyí tí ìyà fi tètè ń jẹ ẹ́.

Nínú àtọ̀gbẹ, ṣúgà a máa pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Èèrà tí ń ṣù bo ìtọ̀ aláìsàn ti fi hàn fún àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Íńdíà ní ayé àtijọ́ pé ìtọ̀ náà dùn. Bí ṣúgà yìí bá ti pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ògiri àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó kéré jùlọ nínú ojú a di aláìlágbára. Àwọn kan a wú bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, wọn a sì máa jò. Àwọn mìíràn a dí pátápátá. Iṣan ìmọ̀lára tí wọ́n ń bọ́ a wá di ẹni tí ebi ń pa. Nígbà náà ni ojú a bẹ̀rẹ̀ sí hu iṣan ẹ̀jẹ̀ titun láti wá oúnjẹ, ṣùgbọ́n àwọn titun wọ̀nyí kò lágbára. Wọn a bẹ́, ẹ̀jẹ̀ a kún inú ojú, àpá wọn a sì lè fa awọ náà ya kúrò ní ipò rẹ̀.

Ní ìgbà kan, iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ni a rò pé àrùn yìí ń bá jà. Ìwádìí ti fi hàn nísinsìnyí pé iṣan ìmọ̀lára fúnra rẹ̀ a máa kú, nígbà mìíràn kí oníṣègùn tó rí ẹ̀jẹ̀ kankan nínú ojú. Àwọ̀ a máa ṣá díẹ̀, ohun tí ó jọra a sì ṣòro láti yà sọ́tọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Àwọn iṣan tí ń yí ojú pẹ̀lú kò yọ sílẹ̀: alátọ̀gbẹ lè jí ní òwúrọ̀ kí ó máa rí ènìyàn kan bí ẹni méjì. Èyí sábà máa ń lọ láàárín oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dúró de oṣù náà kí ó tó lọ rí oníṣègùn.

Ohun tí ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kò ní ìrora. Ẹni tí ẹ̀gún gún kì í sùn. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń kú lọ bẹ́ẹ̀ ń ka ìwé, ó sì ń ká kòkó. Bí òkùnkùn bá wá dé lójijì, a ní ọ̀tá ni ó ṣe é.

Ọdún 1851 ni Hermann von Helmholtz ti ilẹ̀ Jámánì ṣe ohun èlò tí a fi ń wo inú ojú alààyè. Ní ọdún 1922 ni a kọ́kọ́ fi ínsúlínì wo aláìsàn ní Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà. Ó yẹ kí a sọ ọ́ pé ẹ̀mí gígùn tí ínsúlínì fún wọn ni ó mú kí àrùn ojú yìí di púpọ̀, nítorí ṣáájú rẹ̀ ọ̀pọ̀ èwe tí ó ní àtọ̀gbẹ kì í pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1993, èsì ìdánwò kan tí a ṣe fún ènìyàn 1,441 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà jáde: nínú àwọn tí ojú wọn ṣì mọ́ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó ṣọ́ ṣúgà wọn gidigidi rí i pé ewu àrùn náà dínkù ní ìdá 76 nínú 100. Lónìí, iná lésà wà, abẹ́rẹ́ tí a ń gún sínú ojú sì wà, èyí tí ń dá ìjò dúró. Ṣùgbọ́n iṣan tí ó ti kú kò ní jí.

Nítorí náà, ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ hàn ní àgbà, kí ó lọ yẹ ojú wò ní ọdún kan náà, nítorí àrùn náà lè ti pẹ́ lára rẹ̀ kí a tó mọ̀. Kí ó sì máa padà lọ́dọọdún bí ó tilẹ̀ ń rí eèrà lórí ògiri. Ti èwe lè dúró títí di ọdún karùn-ún. Aláboyún tí ó ti ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fi falẹ̀ rárá. Oníṣègùn yóò kán oògùn sí ojú kí ọmọlójú lè fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò sì máa ta ojú náà fún wákàtí díẹ̀. Ẹni tí ó bá ti Ìdànrè lọ sí Àkúrẹ́ nítorí èyí, kí ó mú ẹnì kan dání, kí ó má sì ṣe fúnra rẹ̀ gun alùpùpù padà wá sílé ní ọjọ́ náà.