Bóòtù Kíìlì: Kí A Tó Ra Ọkọ̀ Onígbòkun Àlòkù

Kí a tó jókòó ni olóòtú ètò wa ti bi mí pé kí ni olùkọ́ èdè ń wá nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Èsì mi kò gùn. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ti pẹ́ ní ìlú Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó sì pinnu láti ra ọkọ̀ onígbòkun tí àwọn ẹlòmíràn ti lò fún bí ogójì ọdún. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà, ó sì ní kí n bá òun lọ wò ó. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni ó mú mi tọpinpin ọ̀rọ̀ náà, nítorí àwọn ọ̀pá irin mélòó kan péré ni ó wà láàárín ẹni tí ó wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ àti ìsàlẹ̀ òkun.

Àwọn Ìlàjẹ àti àwọn ènìyàn wa tí ń gbé etí ọ̀sà mọ ọkọ̀ dáadáa, wọ́n sì mọ bí a ti ń ta ìgbòkun. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tiwọn kò ní kíìlì onírin. Bóyá ìdí nìyẹn tí èdè wa kò fi fún nǹkan náà ní orúkọ, tí èmi náà fi ń pè é ní kíìlì bí àwọn tí ó ni ín ti ń pè é. Ìwọ̀n ńlá ni, irin tàbí òjé ni a fi ń rọ ọ́, abẹ́ ọkọ̀ ni a sì ń so ó mọ́, bí lẹbẹ tí ó yọ lábẹ́ ikùn ẹja. Òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí ó kún inú ìgbòkun dojú ọkọ̀ dé, òun náà ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Ìwúwo rẹ̀ lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo gbogbo ọkọ̀. Nígbà mìíràn, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí a fi fáíbà bo kíìlì wọn mọ́ inú ara ọkọ̀, wọn kò ní bóòtù, ọ̀rọ̀ wa kò kàn wọ́n. Nínú àwọn ìyókù, bóòtù ni ó gba inú kíìlì kọjá sí inú ọkọ̀, tí a sì fi nọ́ọ̀tì dè é lábẹ́ pákó ilẹ̀ ọkọ̀, níbi tí omi ìdọ̀tí máa ń gbá jọ sí.

Ẹni tí ń ta ọkọ̀ náà gbé pákó ilẹ̀ sókè fún wa, ó tan iná sí i. Nọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án ni ó wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń dán. Ó ní sítéńlẹ́ẹ̀sì ni, pé ẹni tí ó ta ọkọ̀ fún òun ni ó yọ ti àtijọ́ tí ó fi èyí rọ́pò.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi, ó ní, “Àbúrò, ṣé o rí i bí wọ́n ti ń kọ mọ̀nà?”

Mo ní, “Mo rí i, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu ayẹkọ̀wò ná.”

Ayẹkọ̀wò tí mo wí yìí ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ ọkọ̀ wò fún olùrà. Àgbàlagbà Gẹ̀ẹ́sì kan ni, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kò tilẹ̀ wo àwọn nọ́ọ̀tì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí a yọ bóòtù kan jáde, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí èyí tí ó wà níbi tí omi ti pọ̀ jù. Ẹni tí ń tà á kọ̀, ó ní èwo ni ká máa tú ohun tí kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé owó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, ó gbà. Nígbà tí bóòtù jáde, orí rẹ̀ ń dán, ìdí rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n ní agbede-méjì, níbi tí ara ọkọ̀ ti pàdé kíìlì gan-an, ó ti tín-ín-rín bí ìbàdí agbọ́n. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Sítéńlẹ́ẹ̀sì kì í ṣe irin tí kò lè dípẹtà láéláé. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ojú kò rí ni ó ń dáàbò bò ó, atẹ́gùn ọ́síjìn ni ó sì ń tún awọ náà ṣe bí nǹkan bá ha á. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà ní gbangba, kò ní ìyọnu púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí àtè tí a fi dí ojú ìpàdé bá gbó, tí omi iyọ̀ díẹ̀ sì yọ́ wọlé tí ó dúró lójú kan, ọ́síjìn inú omi náà yóò tán, awọ yóò bó, iyọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò sínú irin. Báyìí ni nọ́ọ̀tì ṣe ń dán tí àárín bóòtù ń kú lọ. Ní tèmi, irin lásán sàn jù ú lọ ní ọ̀nà kan: bí ìpáàrà bá ń jẹ ẹ́, yóò máa sun omi pupa tí ojú lè rí. Bí ó bá jẹ́ òjé ni kíìlì, idẹ ni ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ àtijọ́ fi so ó, ṣùgbọ́n idẹ kò pé oríṣi kan. Èyí tí síńkì pọ̀ nínú rẹ̀ kò yẹ nínú òkun. Síńkì a jẹ jáde, ìyókù a pọ́n rẹ́súrẹ́sú, a sì máa rún.

Kí ni olùrà lè fi ojú ara rẹ̀ rí kí ó tó náwó lé ayẹkọ̀wò? Kí ó kọ́kọ́ bi ẹni tí ń tà á bóyá ìdí ọkọ̀ ti kọlu àpáta rí, ọdún tí a yọ kíìlì rẹ̀ kẹ́yìn, àti ibi tí ìwé owó iṣẹ́ náà wà. Lẹ́yìn èyí, kí a fi kíréènì gbé ọkọ̀ jáde nínú omi, kí ó sì dúró tì í. Nígbà tí ọkọ̀ bá rọ̀ sínú okùn kíréènì, kíìlì nìkan ni ó ń fa ara rẹ̀ sísàlẹ̀. Bí ojú ìpàdé bá lanu níwájú bí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín, tí ó sì tún panu dé nígbà tí a gbé ọkọ̀ lé orí igi, bóòtù ti dẹ̀ nìyẹn tàbí kí ó ti nà. Ìlà tín-ín-rín lára ọ̀dà nìkan kì í ṣe ikú. Kí a ti ẹsẹ̀ kíìlì sọ́tùn-ún sósì. Kò gbọdọ̀ mì. Bí ọkọ̀ bá ti lo ọjọ́ mélòó kan lórí ilẹ̀, tí gbogbo ara rẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n tí ojú ìpàdé ṣì ń kán omi, omi ti rí ilé gbé síbẹ̀.

Ẹ̀yìn kíìlì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò. Bí iwájú rẹ̀ bá gbá àpáta, ẹ̀yìn ni yóò ti ara ọkọ̀ sókè, nítorí náà inú ọkọ̀ lókè ibẹ̀ ni kí a ti wá fáíbà tí ó sán tàbí igi ìdábùú tí ó ti ya kúrò lára ọkọ̀.

Àwọn kan a máa wí pé, “Mo ti fi sípánà dè é, kò yí mọ́.” Èyí kò fi nǹkan kan hàn. Bóòtù tí ó ku ìdajì ṣì lè gba sípánà, ó sì lè já lọ́wọ́ ẹni tí ń dè é. Ohun tí ó dájú ni kí a yọ ọ̀kan tàbí méjì, tàbí kí a ya fọ́tò ẹ́síréè wọn. Bí ó bá jẹ́ pé a ti rọ bóòtù mọ́ inú òjé tí kò ṣeé yọ, a ní láti sọ kíìlì kalẹ̀ díẹ̀ kí ojú lè rí àárín.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, ọkọ̀ onígbòkun kan tí ń jẹ́ Cheeki Rafiki gbéra ní erékùṣù Antigua, ó ń padà sí Southampton, ènìyàn mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀. Ní àárín Òkun Àtìláńtíìkì ni kíìlì rẹ̀ já, tí ọkọ̀ sì dojú dé. A rí ara ọkọ̀ náà, a kò rí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ̀ afẹ́fẹ́ tí ìbá gbà wọ́n là ṣì wà nínú rẹ̀ níbi tí a dì í sí. Ọdún 2006 ni a kàn án, kò tíì gbó. Nígbà tí àwọn tí ń wádìí ìjàǹbá ojú omi fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwé wọn jáde ní 2015, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ìkọlulẹ̀ ìgbà àtijọ́ àti àtúnṣe tí ó tẹ̀lé e ti sọ ibi tí kíìlì dì mú di aláìlágbára, kí ó sì jẹ́ pé bóòtù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ kò rí i pé kì í ṣe bóòtù nìkan, bí kò ṣe ohun tí nọ́ọ̀tì jókòó lé pẹ̀lú.

Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí ó tó san àsansílẹ̀ pé bí ayẹkọ̀wò bá rí àbùkù ńlá, òun lè gba owó òun padà. Ìwé yẹn ni ó fún un lágbára láti nájà. Ẹni tí ń tà á yọ iye owó bóòtù tuntun mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kúrò nínú iye ọkọ̀, wọ́n sì yọ gbogbo wọn; mẹ́ta nínú mẹ́jọ tí ó kù rí bí ti àkọ́kọ́. Ayẹkọ̀wò ní kí ẹ̀gbọ́n mi tún dán nọ́ọ̀tì wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lórí omi, nítorí àtè tuntun máa ń fún pọ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, méjì sì tún yí díẹ̀ kí wọ́n tó dì.