Ọkọ̀ Tí Ń Gbọ̀n Ní Òwúrọ̀ Ọyẹ́

Bí ọyẹ́ bá mú ní Ùsì, ẹni tó fẹ́ tètè lọ sí Ìdó lè ṣáná sí ọkọ̀ rẹ̀ kí ẹ́ńjìnì máa gbọ̀n jìgìjìgì, kó máa wúkọ́, kó tilẹ̀ kú. Kí ẹ tó náwó, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: ìgbà wo ló ń gbọ̀n, ìgbà wo ló sì ń dákẹ́?

Láti ìgbà tí Nikolaus Otto, ará Jámánì, ti ṣe irú ẹ́ńjìnì yìí ní 1876, ohun mẹ́ta ló ń fẹ́: epo, afẹ́fẹ́ àti iná. Bẹntiróòlù kò lè jó dáadáa bí kò bá kọ́kọ́ di afẹ́fẹ́. Nígbà tí irin bá tutù, púpọ̀ nínú epo á lẹ̀ mọ́ ara irin, èyí tó kù kò sì ní í tó. Ẹni tó ń dáná òwúrọ̀ mọ̀ pé ìhá la fi ń ran igi. Bí igi bá ti gbiná tán, kò fẹ́ ìhá mọ́.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ṣóòkì ló ń ṣe iṣẹ́ ìhá yìí: ó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀. Nínú ọkọ̀ òde òní, sẹ́ńsọ̀ kan ń wọn ooru omi ẹ́ńjìnì, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sì ń fi kún epo. Bí sẹ́ńsọ̀ bá parọ́ pé ẹ́ńjìnì ti gbóná, epo kò ní í tó.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ń dákẹ́ bó ti ń gbóná, ẹ wo ṣóòkì tàbí sẹ́ńsọ̀. Ẹ wo rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé pẹ̀lú; ibi tó sán lè là nígbà òtútù, kó sì pàdé nígbà ooru. Bó bá ń gbọ̀n síbẹ̀ lẹ́yìn tó gbóná, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tú púlọ́ọ̀gì. Bí ojú rẹ̀ bá rí bí èèpo ẹ̀pà, ó dára. Bó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo lè ti pọ̀ jù, tàbí kí iná rẹ̀ máà lágbára. Bó bá funfun, epo lè ti kéré jù. Bó bá jẹ́ ọjọ́ òjò nìkan ló ń gbọ̀n, ẹ wo wáyà púlọ́ọ̀gì.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá pààrọ̀ mẹ́ta pọ̀, ọkọ̀ lè sàn, ṣùgbọ́n ẹ kò ní í mọ èyí tó bàjẹ́, owó á sì ti lọ.

Ẹ̀mí ju ọkọ̀ lọ o. Ẹ má ṣe da bẹntiróòlù sí ẹnu kabureétọ̀. Iná lè bú sí yín lójú. Ẹ má sì ṣe torí òtútù ti ilẹ̀kùn gáréèjì kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín ọkọ̀, carbon monoxide lorúkọ rẹ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀: orí á máa fọ́ni, oorun á kunni, ẹni náà sì lè má jí mọ́. Ìta gbangba ni kí ọkọ̀ ti máa yáná.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ sọ èyí fún àwọn àgbà ilé yín. Ó dàbọ̀.